"Ìwọ" Tó Bọ́ Lẹ́nu Ààrò

"Bàbá, ìwọ lo jẹ́ kí búrẹ́dì yìí jóná?"

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu Ramlat kí ó tó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Dìran tó ń da fúláwà sínú máṣíìnì dá ọwọ́ dúró. Ìyá Leah tó ń fi ọ̀rá di búrẹ́dì lẹ́bàá ilẹ̀kùn gbójú sókè, ó sì tún yára gbé e sílẹ̀. Nínú gbogbo ilé búrẹ́dì náà, igi tó ń jó nínú ààrò nìkan ni kò panu mọ́.

Bàbá Ṣàràfá rọra fi pátákó olọ́wọ́ gígùn tó fi ń kó búrẹ́dì jáde ti ògiri. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Láti ìgbà tí Alhaji Rájí, bàbá Ramlat, ti mọ ààrò náà sí Sabon Gari ni Bàbá Ṣàràfá ti ń dúró lẹ́nu rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní "ìwọ" níbẹ̀ àfi Alhaji, torí pé ẹgbẹ́ ni wọ́n, ará Ọ̀fà kan náà sì ni wọ́n. Ó wo búrẹ́dì tó ti dúdú nínú páànù, ó wo Ramlat, ó wá tẹrí ba, ó na ọwọ́ kan ilẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màdáàmù," ló wí. "Èmi ni mo jẹ́ kó jóná. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ forí jì mí."

Ká ní ó bú u ni, ìyẹn ì bá sàn. Àgbàlagbà tó bá ń sọ "ẹ" sí ọmọ tí wọ́n bí níṣojú rẹ̀, ẹgba ló fi ń nà án. Láti kékeré Ramlat, "’Yata" ni Bàbá Ṣàràfá ń pè é, ìyẹn "ọmọ mi" ní èdè Háúsá. Òní ló kọ́kọ́ di Màdáàmù. Ramlat jáde síta lọ dúró nínú oòrùn.

Ìyá Leah tẹ̀ lé e. Opó ni, ó sì ti lé lógójì ọdún. Òun ló ń di búrẹ́dì, òun náà ló ń gbé e lọ fún oníbàárà.

"Ramlat, kí ni Bàbá yẹn fi ṣe ọ́?"

"Wọn ò fi nǹkan kan ṣe mí. Mo kàn béèrè ni."

"O pe Bàbá Ṣàràfá ní 'ìwọ'. Lójú Dìran."

Ramlat fi ọwọ́ bo ẹnu.

Kò mọ̀-ọ́n-mọ̀ sọ ọ́. Kano ni wọ́n bí i sí, Kano ló dàgbà sí. Bí bàbá rẹ̀ bá sọ Yorùbá sí i nílé, Háúsá ló fi ń dáhùn, bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò náà. Háúsá náà ni òun àti Bàbá Ṣàràfá fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó ti ń jí búrẹ́dì gbígbóná bù jẹ. Nínú Háúsá tí wọ́n ń sọ yẹn, "kai" ni ọmọdé ń pe àgbàlagbà ọkùnrin, "kai" náà ni àgbà ń pe ọmọkùnrin; bí ẹnu bá ti kọ́kọ́ pe "Baba", ọ̀wọ̀ ti délé. Bó bá jẹ́ pé Háúsá ló fi béèrè láàárọ̀ yẹn, Bàbá Ṣàràfá ì bá rẹ́rìn-ín, ì bá ní, "Ni ne, ’yata, ki yi haƙuri," èmi ni o, ọmọ mi, ṣe sùúrù, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀.

Àmọ́ Alhaji ló ní kó yí èdè padà. "Bí mo ṣe fi kọ́kọ́rọ́ lé ọ lọ́wọ́ yìí, Yorùbá ni kó o máa bá Ṣàràfá sọ," ló wí. "Ẹni wa ni. Má jẹ́ kó rò pé o ti di ọ̀gá, o sì ti kó òun mọ́ àwọn àlejò." Ramlat gbọ́ràn. Ó ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Háúsá, ó wọ aṣọ Yorùbá fún un, ó sì gbàgbé fìlà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀ fífọ́ ní ń fọ́. Ẹ̀yin ló yẹ kó wí. Ìwọ ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ti dé etí Alhaji Rájí kí Ramlat tó délé. Láti ìgbà ọyẹ́ ni apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún Alhaji ti rọ, orí bẹ́ẹ̀dì ló sì ń gbé. Ohùn ńlá tó fi ń darí ilé búrẹ́dì láyé ìlera rẹ̀ ti di ohùn tí èèyàn ní láti tẹ̀ mọ́ kó tó gbọ́.

"O bú Ṣàràfá."

"Baba, wallahi, mi ò bú u."

"Mi ò bú wọn," ni Alhaji tún un ṣe.

"Mi ò bú wọn."

"Wò ó, tẹ́lẹ̀, bí mo bá pariwo nílé búrẹ́dì, gbogbo wọn á sá. Ṣàràfá nìkan kì í sá. Ṣé o mọ ìdí rẹ̀? Torí pé mi ò pariwo mọ́ ọn rí." Alhaji sinmi díẹ̀ kó tó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Àmúsà ti ránṣẹ́. Ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, rélùwéè ló máa wọ̀. Ṣé o rántí àdéhùn wa?"

"Mo rántí, sà."

Báwo ni yóò ṣe gbàgbé? Àbúrò Alhaji ni Àmúsà, Ọ̀fà ló ń gbé, ó sì ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí wọ́n ta máṣíìnì, kí wọ́n fi ilé búrẹ́dì náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n òun wá sílé. Alhaji ní bí Ramlat bá lè mú iṣẹ́ náà dé ọdún ìtúnu ààwẹ̀ láìkọsẹ̀, tirẹ̀ ni. Bó bá kọsẹ̀, ọ̀rọ̀ Àmúsà ló máa ṣẹ, gbogbo wọn á sì jọ lọ sílé.

Lójú Alhaji, Ọ̀fà ni ilé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Ramlat dé ibẹ̀ rí. Àwọn ọmọ àdúgbò yí i ká, wọ́n ń pè é ní Gàmbàrí, wọ́n sì ń ní kó tún Yorùbá rẹ̀ sọ kí àwọn lè rẹ́rìn-ín. Kano tó sì padà sí, "Bayarabiya" ni wọ́n ń pè é lọ́jà, ọmọbìnrin Yorùbá. Níwájú ààrò yẹn nìkan ni kò ti jẹ́ àlejò ẹnikẹ́ni, ẹ̀rù sì ń bà á gan-an pé kó má lọ bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Ọdún náà kò sì dára fún ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì. Ìjọba ti fòfin de àlìkámà ilẹ̀ òkèèrè, fúláwà wá di ohun tí èèyàn ń fi ojú wá fi ẹsẹ̀ wá. Ilé búrẹ́dì mélòó kan ní Sabon Gari ti ti ilẹ̀kùn. Tiwọn ṣì ń mí nítorí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Airport Road tó ń ra búrẹ́dì wọn lójoojúmọ́.

"Lọ kúnlẹ̀ fún un," ni Alhaji wí.

Ramlat lọ. Ó kúnlẹ̀ níwájú ilé Bàbá Ṣàràfá, ojú ọ̀nà, níbi tí àwọn tó ń lọ kírun ti ń wò ó. Bàbá Ṣàràfá kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

"Ẹ dìde mà. Kí lẹ ṣe tí ẹ̀ ń kúnlẹ̀ fún òṣìṣẹ́ yín? Kò sí wàhálà kankan."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀."

"Báwo ni kí n ṣe pè yín, mà? Ọ̀gá mi lẹ jẹ́."

Ó bẹ̀ ẹ́ títí, kò rí ju ìyẹn gbà. Láti ọjọ́ kejì, Bàbá Ṣàràfá á tètè dé, á kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á ṣe ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe, kò sì ní fi nǹkan kan lé e. Ara Ramlat bẹ̀rẹ̀ sí í bù máṣọ bó bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ìjókùn, á sá. Ramlat wá ń sọ "ẹ" sí gbogbo ohun tó ń mí. Ó rántí olùkọ́ kan ní políì tó máa ń sọ pé ọ̀gá rere ní láti bi àwọn òṣìṣẹ́ léèrè kó tó ṣe ohunkóhun, ó sì rò pé ibẹ̀ ni ìgbàlà òun wà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n nípa iyọ̀, ó ń bi wọ́n nípa igi, ó ń bi Ìyá Leah nípa bí yóò ṣe di búrẹ́dì tó ti ń dì láti ọdún gbọ́nhan.

"Ramlat, fi mí sílẹ̀ kí n ṣiṣẹ́ mi," ni Ìyá Leah wí lọ́jọ́ kan. "Bí mo bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́, ṣebí mo lẹ́nu."

Dìran ní tirẹ̀ gbádùn ọ̀rọ̀ náà. Ọmọkùnrin tí ojú rẹ̀ ń wá ibi tí iṣẹ́ ti rọ̀ ni. Nígbà tí Alhaji wà níbẹ̀, ṣe ló ń sáré po fúláwà. Ní báyìí, Ramlat á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á ní, "Dìran, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi po èyí tó kù?" Ìyá tó bí Dìran kò sọ "ẹ" sí i rí láyé.

"No wahala, Sista. I dey come," ni Dìran á wí, á sì lọ fẹ̀yìn ti àpò lẹ́yìnkùlé, á máa jẹ búrẹ́dì gbígbóná níwájú àwọn tó ń gbààwẹ̀. Fúláwà tó ti pò á wú, á wó, á sì kan. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, Ọ̀gbẹ́ni Adégbọlá tó ń rajà fún òtẹ́ẹ̀lì náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá.

"Búrẹ́dì yín ń kan lẹ́nu àwọn àlejò wa," ló wí. "Nítorí Alhaji ni mo ṣe wá sọ fún yín. Bí ti ọ̀la bá tún rí báyìí, tàbí tó pẹ́ kọjá ìgbà oúnjẹ alẹ́, ẹ má gbé e wá mọ́."

Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀. Ọ̀tunla ni Àmúsà ń bọ̀.

Ohun kan tún wà tí Ramlat kò sọ fún Alhaji. Lórí ààrò náà, níbi tí amọ̀ ti tẹ̀ kọdọrọ bí igbá ẹ̀yìn ìjàpá, ó ti rí ìlà kan. Ó kọ́kọ́ rò pé èéfín ló yà á. Lọ́jọ́ kejì, ó rí i pé erùpẹ̀ ń jábọ́ níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kí wọ́n pa iná, kí wọ́n tún un rẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni òun tí yóò kọ́ Bàbá Ṣàràfá níṣẹ́ ààrò, lẹ́yìn ohun tó ti ṣẹlẹ̀?

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ìlà yìí ńkọ́?"

"Mo rí i, mà."

"Kí lẹ rò pé ó yẹ ká ṣe sí i?"

"Ta ni èmi tí n ó máa ronú lé nǹkan ọ̀gá lórí?" ni Bàbá Ṣàràfá wí, ojú rẹ̀ wà nínú iná. "Bí ẹ bá ní ká dá iná, a ó dá a. Bí ẹ bá ní ká pa á, a ó pa á. Ohun tí ẹ bá wí ni."

Ramlat dúró, ó ń fi ìka rọ́ etí ìborùn rẹ̀. Bó bá ní kí wọ́n pa iná, kò ní sí búrẹ́dì fún òtẹ́ẹ̀lì. Bó bá ní kí wọ́n máa bá a lọ, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Bí Bàbá bá lè sọ ọ̀rọ̀ kan péré, kódà kó bú òun, òun á mọ èyí tí òun máa ṣe.

"Ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó, sà," ló wí níkẹyìn.

Ẹni tí yóò máa wò ó ni kò dárúkọ. Bàbá Ṣàràfá bínú, kò wò ó. Ramlat ń bẹ̀rù, kò wò ó. Ìlà náà sì ń gùn lọ.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, oòrùn ti gun orí páànù òrùlé kí Dìran tó yọ lókèèrè. Ó ní bọ́ọ̀sì ló bàjẹ́. Láti ilé rẹ̀ sí ilé búrẹ́dì, ẹsẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń fi rìn ín. Ramlat gbé gbogbo ìbínú rẹ̀ mì, ó ní, "Dìran, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè," Dìran sì fi ara balẹ̀ wá ibi tí òun yóò fi ṣẹ́ẹ̀tì kọ́. Lẹ́yìn ọ̀sán ni fúláwà tó wú tán nínú páànù, wọ́n to àwọn páànù náà sórí tábìlì gígùn, wọ́n sì fi ọ̀rá bò wọ́n. Kí ó má bàa pẹ́ jù, Ramlat ní kí wọ́n fi igi kún igi. Ooru náà pọ̀ débi pé Ìyá Leah gbé ọ̀rá rẹ̀ jáde lọ sábẹ́ igi dongoyárò.

Bàbá Ṣàràfá ń wọ́ ẹyin iná jáde kí wọ́n lè kó búrẹ́dì sí i. Ẹnu rẹ̀ ti gbẹ nítorí ààwẹ̀. Ó ti tẹ̀ síwájú, orí àti èjìká rẹ̀ ti wọ ẹnu ààrò, irin ìwọ́ná wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ramlat ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà nígbà tó rí i tí erùpẹ̀ ń dà láti orí ààrò. Kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ mọ́. Ìlà náà yanu, ohun kan sì dún nínú amọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi gbígbẹ.

"Bàbá, ẹ jọ̀..."

Ó gbé ìyókù mì.

"Jáde! Ìwọ! Jáde níbẹ̀, sá!"

Ohùn Alhaji Rájí ló jáde lẹ́nu rẹ̀, odidi rẹ̀. Bàbá Ṣàràfá kò bojú wẹ̀yìn. Ó ju irin sílẹ̀, ó fò sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ igi, ó ṣubú, ó sì fi ọwọ́ àti orúnkún sáré dé ìdí tábìlì. Orí ààrò wó lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Eruku pupa àti eérú bo gbogbo ilé náà, kò sì sẹ́ni tó rí ẹnìkejì rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Bàbá Ṣàràfá jókòó sórí ilẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun pẹ̀lú eérú, kò fi ibì kan pa. Ibi tó ti tẹ̀ sí tẹ́lẹ̀ ti di òkìtì amọ̀ gbígbóná. Dìran gbé ọwọ́ méjèèjì lérí, ó ń ké pé ó ti tán, ó ti tán. Ìyá Leah sáré wọlé, ó wo òkìtì náà, ó wo Bàbá, ó sì pe orúkọ Jésù lábẹ́nu.

Ramlat ti pe Bàbá Ṣàràfá ní "ìwọ" lẹ́ẹ̀kejì, tòun tàṣẹ, bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Bí èyí àkọ́kọ́ bá gba ọ̀wọ̀ tó wà láàárín wọn, èyí ti gba ohun tó kù. Ààrò ti wó, ojú Àmúsà á sì kò ó lọ́la. Ó wo páànù fúláwà tó tò sórí tábìlì. Bí kò bá sí ẹni tó ṣe nǹkan kan, wọn yóò kan, wọn yóò sì wó bí ti àná.

Ó wá wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn kan ṣoṣo ló ń wá, èyí tí yóò bá gbogbo wọn mu, kò sì rí i. Ojú Dìran ń wá ẹni tó máa sọ ohun tí òun máa ṣe. Ìyá Leah ti ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè láìsí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀. Bàbá Ṣàràfá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Dìran. Sọ ọwọ́ kalẹ̀ lórí."

Dìran sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Bu omi pa ẹyin iná yẹn. Bó o bá ṣe tán, yọ gbogbo fúláwà yìí kúrò nínú páànù, fi ọwọ́ tún un pò, eruku ti wọ máṣíìnì, kó o sì kó gbogbo rẹ̀ àti páànù sínú ọmọlanke."

"Sista, with hand? E go reach..."

"Mi ò bi ọ́ léèrè."

Dìran wo ojú rẹ̀, ó sì lọ bu omi. Ó jọ pé ọkàn rẹ̀ tilẹ̀ balẹ̀.

"Ìyá Leah, ààrò Olúdélé ńkọ́?"

Olúdélé ní ilé búrẹ́dì ní òpópónà kejì. Ó ti tì í pa láti ìgbà tí fúláwà ti wọ́n.

"Ààrò rẹ̀ ṣì dára. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ," ni Ìyá Leah wí.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ bá a. Ohun tí ẹ bá bá a sọ, òun náà ni n ó dúró lé."

Ìyá Leah ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Ó wá ku Bàbá Ṣàràfá. Ramlat kúnlẹ̀ sínú eérú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ó fi í sílẹ̀. Ọjọ́ ń lọ.

"Bàbá, mo rí ìlà yẹn. Èmi ló yẹ kí n ní kí wọ́n pa iná, mi ò sọ ọ́. Ọrùn mi ló wà. Ní báyìí, mi ò lè dá iná sí ààrò tí mi ò mọ̀. Bí ara yín bá le, ẹ wá ràn mí lọ́wọ́. Bí kò bá le, ẹ máa lọ sílé, n ó sọ fún Alhaji pé èmi ni mo ní kí ẹ lọ sinmi."

Bàbá Ṣàràfá di ẹsẹ̀ tábìlì mú, ó dìde, ó gbọn eérú kúrò lára ṣòkòtò, ó sì nawọ́ mú pátákó olọ́wọ́ gígùn tó fi ti ògiri. Ó gbé e lé èjìká, ó jáde lọ sí ọ̀nà ilé Olúdélé. Ramlat kò mọ̀ bóyá ìbínú ló gbé e lọ tàbí iṣẹ́, kò sì sí àyè láti béèrè.

Olúdélé gbà. Ìyá Leah kò sọ ohun tó bá a sọ, Ramlat kò sì wádìí. Dìran ti ọmọlanke náà gba àárín àwọn tó ń ti ọjà Sabon Gari bọ̀, ó ń kígbe kí wọ́n yà fún un, òógùn bò ó. Ó fi ọwọ́ tún fúláwà tó kù pò lórí tábìlì Olúdélé láìbèèrè ìgbà tí wọn yóò sinmi. Bàbá Ṣàràfá dá iná. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbọ́ bí ara ààrò ṣe ń gbóná, ó sì ń yí i ká. Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ sókè, Dìran sì ń gbé páànù fún un.

Ẹ̀rù ba Ramlat títí búrẹ́dì àkọ́kọ́ fi jáde. Ó pọ́n dáadáa. Ó gbé e sí imú, kò kan rárá. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì tètè nù ún kí Dìran má bàa rí i.

Ìyá Leah kó búrẹ́dì sínú tákísí kan, ó gbé e lọ sí Airport Road. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó padà. Ó ní Ọ̀gbẹ́ni Adégbọlá bù ú wò, ó jẹ ẹ́, ó sì ní kí wọ́n gbé ti ọ̀la wá.

Gbogbo wọn jókòó síwájú ilé Olúdélé, lórí pákó àti àpò, ó ti rẹ̀ wọ́n. Ramlat jókòó sí ìpẹ̀kun, ó jìnnà díẹ̀ sí Bàbá Ṣàràfá. Ó ti ń to ọ̀rọ̀ tó máa sọ nínú ara rẹ̀, "ẹ" ní ìbẹ̀rẹ̀, "sà" ní ìparí.

"Bàbá, nípa bí mo ṣe kígbe mọ́ yín lọ́sàn-án, ẹ jọ̀ọ́ sà..."

"Èwo ni ẹ jọ̀ọ́ sà?" Bàbá Ṣàràfá kò wò ó, ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí ló ń wò. "Ká ní o dúró parí 'ẹ jọ̀ọ́ sà' tó o kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ yẹn, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ì bá ṣì máa wú mi lábẹ́ amọ̀ báyìí."

Ìyá Leah bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ìborùn bo ẹnu. Ramlat kò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbọ́ ọ. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà nínú ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kó lè dá a lójú: ká ní *o* dúró.

"Èmi náà rí ìlà yẹn," ni Bàbá Ṣàràfá wí. "Mo mọ ohun tó ń bọ̀. Inú ló bí mi, mo sì panu mọ́. Àgbà tó bínú sí ọmọ, tó wá ń wo ilé kó wó, kí là ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀?" Ó mi orí. "Lọ́la a ó po amọ̀. Mo fẹ́ kí ààrò yẹn ti gbẹ kí ọdún tó dé."

"Bàbá Àmúsà ń bọ̀ lọ́la, sà," ni Ramlat wí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bó bá dé, a ó fún un ní ṣọ́bìrì."

Lásìkò náà ni ìpè ìrun Màgàríbà dún láti mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ọjà, òmíràn sì gbà á láti apá kejì. Bàbá Ṣàràfá gbé ọwọ́ sókè, ó ṣàdúà ráńpẹ́. Ó wá yíjú sí ìpẹ̀kun pákó.

"’Yata," ló wí, "lọ bu omi wá kí n fi ṣínu."

Dìran ti kọ́kọ́ fò dìde, igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dìran, jókòó," ni Ramlat wí.

Dìran jókòó. Ramlat gba igbá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fúnra rẹ̀ lọ sídìí àmù.